Nàgó: ta ni ó sọ wá ní orúkọ yìí, kí ni ó sì túmọ̀ sí?



Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni ó ní: N, A, G, O. Nàgó. Láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ lẹ́tà ni ẹ ti lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá pé kí ni ó túmọ̀ sí, ẹnu wa kì í kò.

Ẹnì kan á ní èdè wa ni. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀yà wa ni. Ẹnì kẹta á ní èébú ni, pé àwọn Fọ̀n ni ó fi ń bú wa, kí ẹnikẹ́ni má fi pe òun. Ẹnì kẹrin, tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní yunifásítì, á ní ọmọ òun rí i nínú ìwé pé Nàgó wà ní Bràsíl pẹ̀lú, pé orúkọ ẹ̀sìn ni lọ́hùn-ún. Olúkúlùkù wọn di apá kan òótọ́ mú. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ọkọ́. Àgbẹ̀ fi ń kọ ebè, ọ̀mọlé fi ń po amọ̀, ẹni tí ń gbẹ́ sàréè ń lò ó pẹ̀lú. Ọkọ́ kan náà ni, iṣẹ́ ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òpìtàn ń lo Nàgó, onímọ̀ èdè ń lò ó, ẹlẹ́sìn ń lò ó, ìjọba ń lò ó, ohun tí ọ̀kan ń wí kì í sì í ṣe ohun tí èkejì ń wí.

Kí á má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ ni wọ́n fi ń kọ ènìyàn sínú ìwé. Orúkọ ni wọ́n fi ń kà wá. Orúkọ náà ni ọmọdé fi ń mọ̀ bóyá kí òun gbé orí sókè láàrin ẹgbẹ́ tàbí kí òun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yìí bínú sí ara wọn. Ọ̀kan ní, "Nàgó ni mí, n kì í ṣe Yorùbá." Èkejì ní, "Yorùbá ni mí, má pè mí ní Nàgó mọ́." Bí a bá tọ orúkọ méjèèjì dé ìdí, a ó rí i bóyá ìjà wà níbẹ̀.

ÀWỌN TÍ Ó NI ORÚKỌ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ìsàlẹ̀, ní ọ̀nà òkun, láti agbègbè Ìfọ̀nyìn títí dé Ìpókíá ní apá Nàìjíríà, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ànàgó. Kì í ṣe ẹlòmíràn ni ó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni ó ń jẹ́ ẹ. Wọ́n ti ń jẹ́ ẹ kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó jókòó ní 1889 láti fa ààlà tí ó la àárín ilé wọn kọjá.

Ànàgó wọ̀nyí jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìdílé ńlá, gẹ́gẹ́ bí Kétu ti jẹ́ ẹ̀ka kan, bí Ṣábẹ, Ọ̀họ̀rí, Ìdáìṣà, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú ti jẹ́ ẹ̀ka.

Nítorí náà, ẹ fetí sí èyí dáadáa: láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, Kétu kì í ṣe Ànàgó. Kétu ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn àgbà sọ fún wa pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá Kétu ti wá, pé wọ́n dúró ní Òkè-Òyán, wọ́n dúró ní Àró, kí Alákétu Èdè tó kó wọn dé ibi tí ìlú wà títí di òní. Orúkọ Kétu pàápàá ní ìtàn. Wọ́n ní abuké kan ni wọ́n sin sí ẹnu Àkàbà Ìdènà, tí wọ́n sì béèrè pé ta ni ó lè tú iké, kí ó tó lè tú ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba Àkàbà kọjá, ẹ mọ irú ilẹ̀kùn tí ó wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sí Nàgó níbi kankan. Ní ayé àwọn baba wa, bí ẹ bá bi ènìyàn Kétu pé ta ni ọ́, "ọmọ Kétu ni mí" ni yóò wí. Ọ̀họ̀rí á ní Ọ̀họ̀rí ni òun. Ọmọ Ṣábẹ á ní ọmọ Ṣábẹ ni òun. Kò sí ẹni tí ó ń wá orúkọ kan tí yóò kárí gbogbo wọn.

Aládùúgbò ni ó ń wá irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wà lóde kò mọ ìyàtọ̀ yàrá sí yàrá. Ó rí ilé kan, ó sì fi orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀ pe gbogbo ilé. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Àwọn Fọ̀n àti àwọn ìbátan wọn mọ àwọn Ànàgó, wọ́n sì mú orúkọ yìí, wọ́n fi pe gbogbo ẹni tí ń sọ èdè tí ó jọ ti Ànàgó. Wọ́n fi "nù" sí i ní èdè tiwọn, ó di Ànàgónù, ìyẹn ènìyàn Ànàgó. Ọmọ Kétu di Ànàgónù. Ọmọ Ṣábẹ di Ànàgónù. Ẹni tí ó ti Ọ̀yọ́ wá, tí kò mọ ibi tí Ìpókíá wà, òun náà di Ànàgónù.

Irú nǹkan yìí kò ṣẹlẹ̀ sí àwa nìkan. Ẹ bi àwọn ọmọ yín tí ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé pé kí ni Faransé ń pe ilẹ̀ Jámánì. Wọn á ní Allemagne. Orúkọ náà wá láti ara àwọn Alamanni, ẹ̀yà kan ṣoṣo tí ó wà nítòsí Faransé láyé àtijọ́. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn kì í pe ilẹ̀ wọn bẹ́ẹ̀, Deutschland ni wọ́n ń pè é. Àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà a máa pe gbogbo ẹni tí ó bá ti Bẹ̀nẹ̀ wá tí ń sọ Fọ̀n, Àjá tàbí Gùn ní Ègùn, bẹ́ẹ̀ ni Ègùn gan-an jẹ́ orúkọ àwọn kan pàtó, àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì. Ohun tí Fọ̀n ṣe sí wa, àwa náà ṣe sí wọn.

ṢÉ ÈÉBÚ NI?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dun àwọn ènìyàn. Ìtàn kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé kan ti gbé sínú ìwé, títí dé Bràsíl. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àbùkù ni Nàgó ní èdè Fọ̀n, pé ẹni tí iná orí bò ni ó túmọ̀ sí, alákìísà, onídọ̀tí. Wọ́n ní nígbà tí ogun lé àwọn ènìyàn wa kúrò nílé, wọ́n sá dé etí ilẹ̀ Dàhòmì pẹ̀lú ebi, pẹ̀lú àkísà lára, pẹ̀lú iná lórí. Wọ́n ní ìgbà náà ni àwọn Fọ̀n rí wọn tí wọ́n sì sọ wọ́n ní orúkọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣa ìtàn náà bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Bí orúkọ bá jẹ́ èébú tí ará òde fi bú ènìyàn, báwo ni ó ṣe wá jẹ́ pé odidi ìlú kan ń fi ẹnu ara wọn jẹ́ ẹ, bàbá fún ọmọ? Àwọn Ànàgó ti Ìpókíá kò tijú orúkọ wọn. Ta ni yóò pe ara rẹ̀ ní eléèérí?

Ó kù síbẹ̀. Ogun tí ó tú Ọ̀yọ́ ká, tí ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé, lẹ́yìn 1800 ni ó le. Láàrin 1830 sí 1840 ni wọ́n fi Ọ̀yọ́ Ilé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Nàgó ti wà nínú ìwé àwọn Faransé ṣáájú 1800. Faransé kan tí ń jẹ́ Moreau de Saint-Méry tẹ ìwé jáde ní 1797 nípa Saint-Domingue, ilẹ̀ tí à ń pè ní Hàítì lónìí. Ó ka àwọn ẹ̀yà tí wọ́n kó lẹ́rú dé ibẹ̀, ó sì ka Nàgó mọ́ wọn. Orúkọ kò lè ti inú ogun tí kò tíì jà wá.

Nítorí náà, lójú tèmi, ìtàn iná orí yìí kò dúró. Wọ́n hun ún lẹ́yìn ni, láti fi ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń ta ènìyàn lára. Pé ó ń ta ènìyàn lára, èyí kì í ṣe irọ́. Ẹ rántí 1886. Ní ọdún náà, ní ayé ọba Glèlè, ogun Dàhòmì wọ Kétu, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn tí ó kù lọ sí Àgbómè. Àwọn Faransé ni ó wá ṣẹ́gun Àgbómè ní 1892, kí àwọn tí ó ṣì wà láàyè nínú wọn tó lè padà wá tún ìlú kọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, lẹ́nu ẹni tí ó kó wọn, Ànàgónù ni wọn. Orúkọ tí ó dára lè korò bí ẹni tí ó fi okùn so ọ́ ni ó ń fi pè ọ́. Ẹnu ni ó korò, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Àwa náà mọ bí a ti lè pe "Gàmbàrí" kí ó dún bí ìkíni, àti bí a ti lè pè é kí ó dún bí ìfọ́tí.

BÍ ORÚKỌ ṢE WỌ ỌKỌ̀ OJÚ OMI

Dàhòmì gba Wídà ní 1727. Láti ibẹ̀ àti láti àwọn èbúté mìíràn ní etí òkun, wọ́n ta ènìyàn fún àwọn òyìnbó. Oníṣòwò tí ń ra ènìyàn kò béèrè pé ọmọ Kétu ni ọ́ tàbí ọmọ Ìdáìṣà. Ohun tí ẹni tí ó ta ọ́ bá wí ni ó ń kọ. Ẹni tí ó tà sì wí pé Nàgó ni. Báyìí ni orúkọ ẹ̀ka kékeré kan nítòsí òkun ṣe wọ ọkọ̀, tí ó sì di orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní òdì kejì omi.

Ní Bàhíà, ní Bràsíl, Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n. Láàrin 1800 sí 1850, wọ́n pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé èdè wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ ní ìgboro ìlú Salvador. Ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù kìn-ín-ní 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tí ó ti dòmìnira dìde sí àwọn ọ̀gá wọn ní ìlú náà. Ìdìde àwọn Malê ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ìtàn. Malê ni ìmàle tiwa, àwọn Mùsùlùmí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó dìde ni Nagô. Ìjọba ṣẹ́gun wọn, ó pa nínú wọn, ó na àwọn mìíràn ní pàṣán, ó sì lé ọ̀pọ̀ kúrò ní Bràsíl. Nínú àwọn tí ó padà sí Áfíríkà láti Bàhíà nígbà náà àti lẹ́yìn náà ni àwọn ìdílé tí à ń pè ní Àgùdà ti wá, ní Wídà, ní Àjàṣẹ́, ní Èkó. Ẹ mọ orúkọ wọn: da Silva, de Souza, Paraíso àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ́ ọmọ ẹrú tí ó padà, nínú wọn ni oníṣòwò ẹrú wà.

Nísinsìnyí, ẹ wo iṣẹ́ tuntun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe lọ́hùn-ún. Ní Bràsíl, Nagô di orúkọ ìlànà ẹ̀sìn. Àwọn ilé òrìṣà wọn, tí wọ́n ń pè ní candomblé, pín sí "orílẹ̀". Orílẹ̀ Nagô wà, orílẹ̀ Jeje wà fún àwọn tí ó tẹ̀lé ti Fọ̀n àti Àjá, orílẹ̀ Àngólà wà. Nínú Nagô fúnra rẹ̀, orílẹ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ketu. Bẹ́ẹ̀ ni, Kétu wa yìí! Ìlànà Ketu ni ó lókìkí jù lọ ní Bàhíà títí di òní. Ilé kan wà ní Salvador tí wọ́n ń pè ní Alaketu. Wọ́n ní ọmọ ọba Kétu kan, obìnrin, tí wọ́n kó lẹ́rú, ni ó dá a sílẹ̀. Olga do Alaketu ni ìyálórìṣà ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi kú ní 2005. Ní São Luís, ní àríwá Bràsíl, ilé mìíràn wà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Casa de Nagô, ìyẹn Ilé Nàgó.

Ohun tí ó yẹ kí á mọ̀ ni pé orílẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ènìyàn tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Pọtogí, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Àngólà, lè jẹ́ Nagô pátápátá, tí ó bá ti jẹ́ ní ilé Nagô ni wọ́n ti fá orí rẹ̀ fún òrìṣà. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sí Kétu, tí ó ní "Nagô ni mí, Kétu ni mí", ẹ má ṣe rò pé ó ń parọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ jọ ti yín, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò rí bákan náà.

Ẹ̀yin onídìrí, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Irun dídì tí ó lẹ̀ mọ́ orí, tí ẹ ń dì fún àwọn ọmọbìnrin lójoojúmọ́, "trança nagô" ni wọ́n ń pè é ní Bràsíl. Irun Nàgó! Ọmọge tí kò mọ ibi tí Pòbẹ́ wà yóò jókòó sílé onídìrí ní Rio, yóò ní kí wọ́n di Nàgó fún òun.

Ní Hàítì, Nago jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀ ẹ̀sìn wọn, Ògún sì ni olórí ibẹ̀. Ní Kúbà, Lucumí ni wọ́n sábà máa ń pe àwọn ènìyàn wa, ṣùgbọ́n orúkọ kejì kò parẹ́. Ní 1957, obìnrin òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Lydia Cabrera kó àwọn ọ̀rọ̀ èdè wa tí ó kù lẹ́nu àwọn olórìṣà Kúbà jọ sínú ìwé kan. Ó sọ ìwé náà ní Anagó.

ÀWỌN ONÍMỌ̀ ÈDÈ

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjà Nàgó àti Yorùbá wà.

Orúkọ Yorùbá pàápàá, ẹ má rò pé àwọn baba wa ni ó fi pe gbogbo wa. Láti òkè ọya ni ó ti wá. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí ó pẹ́ jù tí a ti rí i ni ìwé tí Ahmad Baba, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí ará Timbuktu, kọ ní 1615. Àwọn Haúsá ń fi í pe àwọn ará Ọ̀yọ́. Ẹ ò rí i pé ohun kan náà ni? Àwọn tí ó wà ní àríwá mọ Ọ̀yọ́, wọ́n fi orúkọ kan pe Ọ̀yọ́. Àwọn tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn mọ Ànàgó, wọ́n fi ti Ànàgó pe gbogbo ènìyàn. Ẹnu ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà wọ ilé kan ṣoṣo.

Ta wá ni ó fi Yorùbá kárí? Àwọn oníwàásù ni. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoogùn, ni wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lórí òkun ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ní èdè, nítorí náà nígbà tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ jáde ní 1843, Yorùbá ni ó pe èdè náà. Ṣùgbọ́n ní Freetown ibẹ̀ gan-an, Aku ni àwọn ènìyàn ń pe gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa, nítorí pé wọn kì í dákẹ́ "ẹ kú": ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ni nínú wa tí ó lè kọjá lára ènìyàn láì kí i?) Ọmọ Jámánì kan, Koelle, tí ó kó àwọn èdè Áfíríkà jọ sínú ìwé ńlá kan ní 1854, bá àwọn oníwàásù wí lórí èyí. Ó ní Yorùbá jẹ́ orúkọ ẹ̀ka kan, pé kò tọ́ kí wọ́n fi pe Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Bíbélì odindi jáde ní 1884 ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ sì parí ní apá Gẹ̀ẹ́sì.

Ní apá tiwa, ẹnu Fọ̀n ni Faransé ti gbọ́ orúkọ wa. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì tí ó dé Wídà ní 1861, àti àwọn tí ó tẹ̀lé wọn dé Àjàṣẹ́, Nago ni wọ́n pe èdè wa nínú ìwé wọn. Ìjọba Faransé tẹ̀lé wọn, ó fi "t" sí ìparí rẹ̀: Nagot. Báyìí ni èdè kan ṣe ní orúkọ méjì, bí ọmọ tí ìdílé bàbá sọ lórúkọ tí ìdílé ìyá sì sọ ní tirẹ̀. Ẹ mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í di méjì.

Àwọn onímọ̀ èdè ti òde òní rí i pé orúkọ méjèèjì fẹ́ fa wàhálà. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan, Hounkpati Capo, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ èdè, wá ọ̀nà mìíràn. Ó ní ohun tí gbogbo wọn ń pe èdè ni "èdè". Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú orúkọ Defoid tí ó hun ní 1989, tí ó fi pe ìdílé èdè tí tiwa wà nínú rẹ̀. Ní tèmi, ó bọ́gbọ́n mu: dípò kí ó mú orúkọ ẹ̀ka kan lé orí àwọn ìyókù, ó mú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn ní.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ó ṣe rí i nínú ìwé àwọn tí ń ka àwọn èdè ayé: Èdè Nàgó, Èdè Ṣábẹ, Èdè Ìdáìṣà, Èdè Ìṣà, Èdè Ìjè, tí ó jẹ́ ti àwọn Ọ̀họ̀rí. Níbẹ̀, Nàgó ti tún kéré sí ti àwọn òpìtàn. Kì í ṣe gbogbo wa mọ́, ẹ̀ka èdè kan láàrin àwọn ẹ̀ka ni. Síbẹ̀, wọ́n ní láti tún ya Nàgó mìíràn sọ́tọ̀, ti Manigri ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti ti Kambolé ní Tógò, nítorí pé àwọn náà ń jẹ́ Nàgó. Láti Manigri sí Ìpókíá ju 200 kìlómítà lọ. Ẹ wo bí orúkọ ti rìn tó!

ÌJỌBA ÀTI ÌWÉ

Nígbà tí a wà lábẹ́ ìjọba ìyípadà, Òfin Ìpìlẹ̀ ti 26 oṣù kẹjọ 1977 sọ pé gbogbo ẹ̀yà tí ó wà ní Bẹ̀nẹ̀ ní òmìnira láti sọ èdè wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́. Òfin ńlá ti 1990 tí ó rọ́pò rẹ̀ sọ bákan náà. Ṣùgbọ́n kí á tó kọ èdè, ó di dandan kí á mọ orúkọ tí a ó kọ sí iwájú ìwé. Yorùbá ni wọ́n yàn fún iṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kí ìwé kan lè tó fún ọ̀pọ̀ ìlú. Ohun tí ó bí àwọn kan nínú nìyẹn. Wọ́n ní wọ́n ń gba Nàgó lọ́wọ́ àwọn. Mo lóye ìbínú wọn. Ẹni tí ó ti jẹ́ orúkọ kan fún ọdún púpọ̀, bí ará òde tilẹ̀ ni ó sọ ọ́ ní orúkọ náà, ti sọ ọ́ di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó kọ Yorùbá sí iwájú kò sọ ọmọ Kétu di ọmọ Ọ̀yọ́.

Ní ìgbà ìkànìyàn, ẹ ó rí ohun mìíràn. Àwọn tí ń ka ènìyàn ní ìlà kan tí wọ́n ń pè ní "Yorùbá àti àwọn ìbátan rẹ̀". Abẹ́ ìlà yìí ni wọ́n ń ka Nàgó sí, pẹ̀lú Ìdáìṣà, Ṣábẹ, Ọ̀họ̀rí, Mọ̀kọ́lé àti àwọn ìyókù. Ní ìkànìyàn 2013, gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn Bẹ̀nẹ̀. Nítorí náà, ìyá tí ń bẹ̀rù pé bí òun bá wí Nàgó wọn ò ní ka òun mọ́ Yorùbá, tàbí pé bí òun bá wí Yorùbá òun ti kọ Nàgó sílẹ̀, kí ó fọkàn balẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ni ìdáhùn méjèèjì ń bọ́ sí.

Ní ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí Kétu fi ń yangàn, UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó jẹ́ ohun iyebíye fún gbogbo ayé, ó sì tún kọ ọ́ sínú ìwé ńlá rẹ̀ ní 2008. Ẹ wo bí wọ́n ti pe àwọn tí ó ni ín: "Yorùbá-Nàgó". Wọ́n fi ìlà kékeré kan so orúkọ méjèèjì pọ̀, nítorí pé Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ni ó jọ ni ín.

Ìwé àwọn òpìtàn wa pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tí ó wà lẹ́nu àwọn àgbà abúlé yín kò tíì wọ inú ìwé kankan. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, a sì ti rí i pé àwọn tí ó sọ wá ní Nàgó kò wo inú ilé. Nítorí náà, iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ẹ ṣe kí á tó tún pàdé nìyí. Kí olúkúlùkù yín bi ẹni tí ó dàgbà jù ní agbo ilé rẹ̀ pé: kí ni àwọn baba wa ń pe ara wọn? Kí ni àwọn ará abúlé kejì ń pè wá? Kí ni àwa ń pè wọ́n? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé yín gẹ́lẹ́ bí ó bá ti wí i. Ẹ má tún un ṣe. Bí ó bá wí Nàgó, ẹ kọ Nàgó. Bí ó bá wí Ànàgó, ẹ kọ Ànàgó, kí ẹ má sì gbàgbé àmì ohùn orí rẹ̀. Ẹ mú un wá sí kíláàsì, a ó kà á sókè fún ara wa.